Fítámì àti agbára àrọ̀ láti dènà àrùn: ṣé inú omi ni ká dà á sí, àbí inú oúnjẹ?

ỌmọOdò_Ìkòròdú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ ẹja. Odógunyàn ní Ìkòròdú ni mo ti ń sin àrọ̀ nínú adágún tàpólì. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí.

Ará ilé kejì mi ń sin adìẹ pọ̀ mọ́ ẹja. Fítámì oníyẹ̀fun tí wọ́n ń pò sínú omi mímu adìẹ ló máa ń bù dà sínú adágún ẹja rẹ̀. Ó ní òun ló ń lé àìsàn jìnnà, kí èmi náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan ò fara rọ nínú adágún tèmi ni mo fi fẹ́ gbọ́ ọ. Àwọn kan nínú ẹja mi ti tẹ̀ lẹ́yìn. Téèyàn bá wò wọ́n látòkè, wọ́n rí kọ́lọkọ̀lọ. Àwọn mìíràn, egungun orí wọn ti sán, ojú ibi tó sán náà sì pupa. Tí mo bá ti sọ́ọ̀tì wọn (kí n yà wọ́n sọ́tọ̀ bí wọ́n ṣe tóbi tó) báyìí, ọgbẹ́ kékeré tó yẹ kó jiná á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, wọn á máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ta oògùn fún wa ní kí n po tẹtirasáíkílìnì, oògùn tó ń pa bakitéríà, mọ́ oúnjẹ wọn.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé: ṣé òótọ́ ni fítámì ń ran ẹja lọ́wọ́ láti bá àrùn jà, àbí àwọn ọlọ́jà kàn ń fi gba owó wa ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, ṣé inú omi ni, àbí inú oúnjẹ? Báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó?

ÌyáAdágún_Èríwé

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Kí a tó sọ̀rọ̀ lọ jìnnà, irú oúnjẹ wo lò ń fún wọn? Ṣé èyí tó ń léfòó tí ilé iṣẹ́ dì sínú àpò ni, àbí èyí tí wọ́n lọ fún ọ ní mílì? Tó bá jẹ́ ti mílì ni, premix wo (àdàpọ̀ fítámì àti èròjà kéékèèké tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ) ni wọ́n fi sí i? Ibo lò ń kó o sí nílé, ó sì máa ń pẹ́ tó ìgbà wo kó tó tán?

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé ẹ̀yìn títẹ̀, orí sísán àti ọgbẹ́ tí kì í jiná, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fi lè pàdé nínú adágún kan náà, fítámì C ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yìn títẹ̀ nìkan lè wá láti ibi tí wọ́n ti pa ọmọ ẹja náà, bóyá ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n fi gùn ara wọn, bóyá omi gbóná jù nígbà tí ẹyin ń pa. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tí kò jiná, èyíun kì í ṣe ẹjọ́ ẹni tó pa ọmọ ẹja.

Má tíì ra tẹtirasáíkílìnì yẹn. Má sì da fítámì adìẹ sínú omi.

DókítàẸja

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ilé. Ìyá Adágún ti fọwọ́ kan ibi tó yẹ. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí omi, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń pàdánù owó.

Adìẹ ń mu omi. Ẹja inú omi tí kò níyọ̀, irú àrọ̀ àti tìlápíà, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mu omi rárá. Iyọ̀ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ju tinú adágún lọ fíìfíì, nítorí náà omi fúnra rẹ̀ ló ń gba awọ àti ibi tí wọ́n fi ń mí wọ inú ara wọn. Tọ̀sán-tòru ni kíndìnrín wọn ń ṣiṣẹ́ láti tọ omi ọ̀hún dànù. Ẹja tó ń wá bí omi ṣe máa jáde lára òun ò ní tún máa gbé omi mì. Fítámì tí ẹ bá dà sínú adágún ò lè dé inú ẹja tó ti ń jẹun débi tí yóò ṣe é láǹfààní kan. Àwọn ìyẹ̀fun adìẹ yẹn sì sábà máa ń ní ṣúgà nínú. Bakitéríà inú omi ni yóò jẹ ṣúgà náà. Ẹnu ni ọ̀nà tí fítámì ń gbà wọlé sára àrọ̀, inú oúnjẹ ló sì gbọ́dọ̀ wà.

Ní ti ìbéèrè àkọ́kọ́, òótọ́ ni. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí ẹni tó bá yé kò ní nílò kí ọlọ́jà kankan máa tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Adìẹ, ewúrẹ́, ajá, gbogbo wọn ló ń fi ara wọn ṣe fítámì C. Àwa èèyàn ò lè ṣe é, àwọn ẹja tí à ń sìn náà ò lè ṣe é, nítorí ẹ́ńsáìmù tó yẹ kó parí iṣẹ́ náà ò sí lára wa. Tí fítámì C ò bá sí, ara ò lè hun kọ́lájìn, ìyẹn okùn purotéènì tó di awọ, egungun àti iṣan mú. Egungun tí okùn rẹ̀ ò lágbára ló ń tẹ̀, òun náà ló ń sán lórí. Ẹ má sì gbàgbé pé àrọ̀ ò ní ìpẹ́. Awọ rẹ̀ àti omi yíyọ̀ tó bo awọ náà ni ògiri kan ṣoṣo tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti gbogbo bakitéríà inú adágún. Inú omi yíyọ̀ yẹn ni èròjà tó ń pa bakitéríà wà. Tí ẹja méjì bá jẹ ara wọn lápá, tí awọ ò sì lè tètè dí, bakitéríà tó ń jẹ́ Aeromonas ti ríbi wọlé nìyẹn.

Ìkejì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Ẹja ò ní mùdùnmúdùn egungun tó ń ṣe wọ́n bíi tiwa. Apá iwájú kíndìnrín, èyí tó wà lẹ́yìn orí gan-an, ni wọ́n ti ń jáde. Tí bakitéríà bá wọlé, sẹ́ẹ̀lì funfun á gbé e mì, á sì tú èròjà ọ́síjìn tó mú bí iná lé e lórí láti pa á. Èròjà yìí ò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá sun igbó láìla ààlà iná, oko tirẹ̀ náà á bá a lọ. Fítámì C àti fítámì E ni ààlà iná inú sẹ́ẹ̀lì: E ń ṣọ́ ara sẹ́ẹ̀lì níbi tó jẹ́ ọ̀rá, C ń ṣọ́ ibi tó jẹ́ omi, C ló sì tún ń sọ E dọ̀tun lẹ́yìn tó bá ti lo agbára rẹ̀ tán. Ẹja tí méjèèjì bá ṣọ̀wọ́n lára rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ á máa kú mọ́ bakitéríà tó ń pa.

Ní ọdún 1985, Li àti Lovell ní Fásitì Auburn, ní Alabama, gbé àyẹ̀wò kan jáde lórí ìbátan àrọ̀ tí wọ́n ń sìn ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Wọ́n pín ẹja náà sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ kan ò jẹ fítámì C rárá, wọ́n sì ń fi kún un fún àwọn tó kù títí dórí 3000 miligíráàmù nínú kílò oúnjẹ kan. Lẹ́yìn náà wọ́n kó bakitéríà Edwardsiella ictaluri ràn wọ́n. Bí fítámì náà ṣe ń pọ̀ sí i ni ikú ń dínkù, nígbà tó sì dé 300 miligíráàmù, ẹja ò kú mọ́. Ohun tó yẹ kí àgbẹ̀ mú níbẹ̀ ni pé ìwọ̀n tó ń jẹ́ kí ẹja dàgbà láìtẹ̀ kéré gan-an sí 300. Ẹja lè tóbi, kó gún régé, kó má sì ní ohun tó fẹ́ fi jagun. Àwọn àyẹ̀wò mìíràn tó tẹ̀lé e ò rí àǹfààní tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́. Àmọ́ ẹja tí kò rí i jẹ rárá, kò sí àyẹ̀wò tí mo mọ̀ tó ní ó ń dára fún un.

BàbáOlómi_Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí àgbà náà sọ tẹnu ẹ̀.

Mo ti wà nídìí àrọ̀ kí ọ̀pọ̀ yín tó bẹ̀rẹ̀. Omi ni gbogbo rẹ̀. Ẹja pọ̀ jù nínú adágún, oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń rà nísàlẹ̀, omi ń rùn, ẹ wá ń wá fítámì. Bí omi bá mọ́, tí ẹ ò kó ẹja jọ ju bó ṣe yẹ lọ, tí ẹ kì í fún wọn lóúnjẹ ju èyí tí wọ́n lè jẹ tán, bóyá lẹ máa mọ̀ pé àìsàn wà.

Mo tún ní ìbéèrè kan fún Dókítà. Ẹja tó ti ń ṣàìsàn kì í jẹun. Ẹ ní inú oúnjẹ ni fítámì gbọ́dọ̀ wà. Ẹnu wo ni ẹ fẹ́ kó fi gbà á wọlé nígbà náà?

DókítàẸja

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ibi tí ẹ fọwọ́ bà yẹn gan-an ni kókó.

Fítámì kì í ṣe oògùn tí a ń fún ẹja tó ti dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹja bá kọ oúnjẹ, ọjọ́ fítámì ti kọjá. Ṣáájú ìyọnu ló gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀: ṣáájú sọ́ọ̀tì, ṣáájú kí a kó o lọ sí adágún mìíràn, ṣáájú kí ọyẹ́ tó dé tí omi á tutù lójijì, ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ tó máa ń yí omi padà. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ṣáájú ni mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi. Ẹja tó ti kọ oúnjẹ, omi rẹ̀ ni ká tọ́jú, ká sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Ní ti omi, èmi àti yín ò jà, sà. Tí amóníà bá pọ̀ nínú omi, tàbí tí ẹja bá há mọ́ra, kọ́tísólù, èròjà tí ara ń tú jáde nígbà ìnira, á gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Kọ́tísólù tó bá pẹ́ lára máa ń tẹ iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì funfun rì, fítámì C tó wà nípamọ́ lára á sì máa tán. Omi burúkú ń jẹ fítámì, ìyẹn ni pé ẹni tí omi rẹ̀ ò dára máa ra fítámì púpọ̀ kó tó ní ohun tí ẹlòmíràn ní pẹ̀lú díẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó mọ́ bí omi orísun ò ní fi fítámì C sínú oúnjẹ tí kò ní in. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, Bàbá.

Onímílì_Mọ́níyà

Ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ oúnjẹ ẹja àti ti adìẹ ni mò ń ṣe, mo sì fẹ́ kí ỌmọOdò padà sórí ìbéèrè Ìyá Adágún nípa premix, torí mo fura.

Ọ̀pọ̀ mílì ni kò ní premix ẹja. Premix broiler, ìyẹn ti adìẹ ẹlẹ́ran, ló pọ̀ lọ́jà, ó dínwó, àgbẹ̀ tó bá sì ń wá oúnjẹ tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ò ní bi wá. Dókítà ti sọ pé adìẹ ń ṣe fítámì C fúnra rẹ̀. Ta ló wá fẹ́ náwó fi C sínú premix adìẹ? Ẹ yí ẹ̀yìn àpò premix broiler padà kí ẹ kà á: A wà níbẹ̀, D3 wà, E wà, K wà, gbogbo ìdílé B wà. C sábà máa ń sọnù níbẹ̀. Ẹja lè jẹ oúnjẹ tí purotéènì rẹ̀ pé, tí ìyẹ̀fun ẹja àti sóyà inú rẹ̀ jẹ́ ojúlówó, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì tún tẹ̀.

Nǹkan kejì ni ooru. Fítámì C lásán, ìyẹn ascorbic acid funfun tó ń kan lẹ́nu, kì í fara da ẹ̀rọ. Nígbà tí oúnjẹ bá fi gba inú ẹ̀rọ tó ń fi ooru àti oru omi sọ ọ́ di èyí tó ń léfòó, ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ti bá a lọ. Ìyókù á máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú àpò. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń lo èyí tí wọ́n so mọ́ phosphate. Ó ń fara da ooru, inú ẹja ló sì ti ń tú. Ó wọ́n ju ti lásán lọ, àmọ́ ó máa ń dé inú ẹja.

Ẹ wo choline chloride náà, èròjà kan tó dà bíi fítámì. Ẹja nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi mọ́ra, òun àti kọ́pà àti irin tó wà nínú premix kan náà ni wọ́n ń pa fítámì tó wà níbẹ̀ kí a tó lò ó. Tí premix bá pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tó gbóná, orúkọ lásán ló kù lára àpò. Mo máa ń ra choline lọ́tọ̀, ọjọ́ tí mo bá fẹ́ po oúnjẹ ni mò ń fi sí i.

ỌmọOdò_Ìkòròdú

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti pe mílì. Oúnjẹ tó ń rì ni wọ́n ń lọ fún mi, premix broiler ni wọ́n sì fi sí i. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àgbẹ̀ agbègbè wa ń ṣe é. Abẹ́ páànù ni mò ń kó àpò rẹ̀ sí, ó sì máa ń gbóná gan-an lọ́sàn-án.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè ra fítámì C oníhóró tí èèyàn ń lá, kí n lọ̀ ọ́ mọ́ ọn? Ṣé kí n sì fi A, D àti E náà kún un ní ìlọ́po méjì, kí wọ́n lè tètè gbádùn?

ÌyáAdágún_Èríwé

Ọmọ mi, má lọ́po A àti D o. C àti ìdílé B, èyí tó bá pọ̀ jù, ẹja á tọ̀ ọ́ dànù. A àti D kì í jáde bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń kó jọ sí, tí wọ́n bá sì pọ̀ jù, àwọn fúnra wọn á di àìsàn. Èyí tó wà nínú premix rẹ ti tó. C ni kò sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tá a bá fẹ́ 300 miligíráàmù nínú kílò kan, àpò oníkílò 25 á gba 7,500 miligíráàmù, ìyẹn gíráàmù méje àbọ̀. Hóró fítámì C tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, èyí tó jẹ́ 100 miligíráàmù, ẹ máa nílò 75 nínú rẹ̀ fún àpò kan, ṣúgà àti kálà ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìyẹ̀fun ascorbic acid tí wọ́n ń fi gíráàmù wọ̀n tà dínwó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ ti phosphate tí wọ́n kọ 35% sí lára, nǹkan bíi gíráàmù 21 ló máa fún ọ ní gíráàmù méje àbọ̀ náà. Ra òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn oníwúrà ń lò. Má fi ṣíbí díwọ̀n rẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo máa ń bu oúnjẹ tí wọ́n máa jẹ lọ́jọ́ náà nìkan sórí ọ̀rá mímọ́ lábẹ́ ibòji. Màá po fítámì náà mọ́ omi tútù díẹ̀, màá fi ike ìfọ́nmi fọ́n ọn yí ká, ẹnì kan á sì máa fi ọwọ́ yí oúnjẹ náà. Tó bá ti fà á mu, màá da epo sí i, nǹkan bíi ìlàjì lítà fún àpò kan, màá tún yí i títí gbogbo hóró rẹ̀ á fi máa dán. Epo yẹn ló ń dí fítámì mọ́ inú oúnjẹ. Tí ẹ ò bá da epo sí i, kí ẹja tó gbé e mì, omi adágún á ti fọ̀ ọ́ kúrò, ẹ á sì padà sí ibi tí ará ilé kejì yín wà, fítámì nínú omi. Jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i díẹ̀ lábẹ́ ibòji, má gbé e sóòrùn. Kí wọ́n jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ náà.

Oúnjẹ tó ń rì yìí, hóró rẹ̀ máa ń tètè yòrò. Nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni kó o máa fọ́n ọn, kó o dúró wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́.

ỌmọElépo_Òkìtìpupa

Ẹ kú ọgbọ́n, Mà. Epo wo lẹ ń lò, ṣé epo pupa náà dára? Ọ̀dọ̀ wa lọ́hùn-ún, epo kò wọ́n. Àwọn kan tún ní ewé mọ̀ríńgà ju fítámì inú àpò lọ, pé kí a sá a, kí a lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ.

DókítàẸja

Epo pupa dára gan-an fún iṣẹ́ yìí, inú mi dùn pé ẹ béèrè. Fítámì E wà nínú epo ọ̀pẹ dáadáa, àwọ̀ pupa tó ní sì jẹ́ èròjà tí ẹja lè sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di fítámì A. Ní Malaysia, níbi tí wọ́n ti ń sin àrọ̀ tiwa yìí gan-an, Clarias gariepinus, wọ́n gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2001: wọ́n rí i pé bí epo ọ̀pẹ inú oúnjẹ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni fítámì E inú ara ẹja náà ń pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n epo tuntun ni o. Epo tó ti ń rùn, tàbí èyí tí wọ́n ti fi din nǹkan sẹ́yìn, á máa jẹ fítámì E tó wà nínú oúnjẹ run ni, á tún jẹ èyí tó wà lára ẹja. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìfun adìẹ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rà, tí àwọn kan ń kó fún àrọ̀ torí pé ó dínwó. Ẹ̀pà tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ náà, tó bá ti hu funfun, ẹ má rà á. Oró inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ẹ̀dọ̀ sì ni àká fítámì A.

Mọ̀ríńgà dára níwọ̀nba. Ewé tútù rẹ̀ ní fítámì C, àmọ́ bí ẹ bá ti sá a sóòrùn, púpọ̀ nínú C yẹn ti lọ. Ohun tó ṣẹ́kù níbẹ̀ ṣì wúlò, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ jù, àwọn èròjà kíkorò inú rẹ̀ ò ní jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú ẹja. Ẹ sá a lábẹ́ ibòji, ẹ lò ó díẹ̀. Má fi rọ́pò C.

ÀtòkèrèWá_Scotland

Ẹ kú iṣẹ́ nílé o. Oko ẹja salmon ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, mo sì fẹ́ fi nǹkan méjì kún ọ̀rọ̀ Dókítà.

Èkíní, kí wọ́n tó kó ẹja tàbí kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ àjẹsára gún un níhìn-ín, oúnjẹ tí wọ́n ti fi C àti E kún ni wọ́n máa ń fún un ṣáájú. Ohun tí Dókítà sọ nípa ọ̀sẹ̀ kan sí méjì yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é.

Èkejì, ibì kan wà tí fítámì inú omi ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé irọ́ pátápátá ni. Àìsàn kan wà tó ń pa ọmọ salmon nínú òkun Baltic, M74 ni wọ́n ń pè é, torí ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí i ní Sweden. Ìyá ẹja ò ní fítámì B1 tó, ẹyin rẹ̀ náà ò ní, àwọn ọmọ á pa, wọn á wẹ̀ gbágbàágbá, wọn á kú. Nígbà tí wọ́n bá fi ẹyin tàbí ọmọ tuntun yẹn sínú omi tí wọ́n po B1 sí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń yè. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ọmọ tí kò tíì máa jẹun ni, inú ike kékeré ni, ìwọ̀n tó pọ̀ ni wọ́n fi sí i. Kì í ṣe adágún tí àrọ̀ oníkílò kan wà.

BàbáOlómi_Ìbàdàn

Èyí yé mi. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ premix broiler yẹn, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí. Ṣùgbọ́n ỌmọOdò, gbọ́ tèmi náà. Kó o tó fún wọn ní fítámì kankan, yọ oúnjẹ tó rà nísàlẹ̀ adágún yẹn, pààrọ̀ omi, kó o sì dín ẹja ibẹ̀ kù. Àwọn tí ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀, yà wọ́n sọ́tọ̀.

ỌmọOdò_Ìkòròdú

Mo gbọ́, Bàbá. Òní náà ni màá pààrọ̀ omi. Ṣé àwọn tó ti tẹ̀ yẹn á tún nà padà? Tẹtirasáíkílìnì ńkọ́, ṣé kí n gbàgbé rẹ̀ pátápátá?

DókítàẸja

Èyí tí egungun rẹ̀ ti tẹ̀ ò ní nà mọ́. Tí ó bá ń jẹun, tí kò ní ọgbẹ́, ẹ lè tọ́ ọ dàgbà kí ẹ tà á fún àwọn tó ń yan ẹja; kò ní ṣe ẹni tó jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Ọgbẹ́ ni ẹ máa kọ́kọ́ rí àyípadà lára rẹ̀.

Tẹtirasáíkílìnì ò ní dí àlàfo fítámì C. Tí bakitéríà bá ti wọ inú ẹja lóòótọ́, ó yẹ ká mọ èyí tó jẹ́ kí a tó yan oògùn. Ẹ kó ẹja mélòó kan tó ṣì ń mí, tí àmì náà wà lára wọn, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko, bíi ti FUNAAB ní Abẹ́òkúta tàbí ti Fásitì Ìbàdàn. Ẹja tó ti kú láti àná ò wúlò fún àyẹ̀wò. Tí wọ́n bá ní kí ẹ lo oògùn, ẹ bi wọ́n nípa iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó ta ẹja náà, torí aláìmọ̀kan ni yóò jẹ oògùn yẹn lórí àwo rẹ̀. Oògùn tí a bá sì ń pò mọ́ oúnjẹ láìnídìí, bakitéríà inú adágún á mọ̀ ọ́n dójú àmì, lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀ gan-an kò ní ṣiṣẹ́.

Alọ́mọẸja_Abẹ́òkúta

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n Scotland sọ nípa B1 ló mú mi kọ̀wé. Ọmọ ẹja ni mò ń pa tà. Ṣàwá tútù láti ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja dídì ni mò ń gé fún àwọn ìyá ẹja mi kí wọ́n lè ṣe ẹyin púpọ̀. Ẹyin ń pọ̀ lóòótọ́, wọ́n sì ń pa, ṣùgbọ́n ọmọ kì í lókun. Ṣé ó lè jẹ́ irú ọ̀rọ̀ yìí ni?

ÀtòkèrèWá_Scotland

Ó yẹ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹja ìdílé ṣàwá, púpọ̀ nínú wọn ní ẹ́ńsáìmù kan lára tó ń já fítámì B1 sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n bá wà ní tútù. Thiaminase ni orúkọ rẹ̀. Ìbátan ṣàwá kan tí salmon ń jẹ nínú àwọn adágún ńlá Amẹ́ríkà ló dá irú ikú ọmọ ẹja bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Iná ń pa ẹ́ńsáìmù náà. Ẹ bọ ṣàwá yẹn kí ẹ tó fún wọn, ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ni wọ́n ń jẹ: ẹ fi oúnjẹ tó ní premix pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì fi C àti E kún oúnjẹ ìyá ẹja ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú kí ẹ tó fa ẹyin, torí inú ẹyin ni ọmọ ti ń gba tirẹ̀.

Onímílì_Mọ́níyà

ỌmọOdò, kí o tó padà sí mílì, kọ ọ́ sórí ìwé fún wọn: premix ẹja, kí wọ́n fi ọjọ́ tí wọ́n ṣe é hàn ọ́ lára àpò. Tí wọn ò bá ní in, ní kí wọ́n lo ti broiler bó ṣe wà, kí ìwọ fúnra rẹ wá máa fi C kún un nílé bí Ìyá Adágún ṣe júwe rẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n po C lásán mọ́ ọn kó tó gba inú ẹ̀rọ. Èyí tó máa tó ọ lò fún oṣù kan ni kó o máa lọ̀, má lọ ti oṣù mẹ́ta. Wá pákó tẹ́ sábẹ́ àpò náà, kó o gbé e kúrò lábẹ́ páànù lọ sí yàrá tó tutù.

ỌmọOdò_Ìkòròdú

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, sà. Omi ti ń jáde nínú adágún bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìyá Adágún, oúnjẹ tí mo bá fi epo àti fítámì yí, tí wọn ò bá jẹ ẹ́ tán lálẹ́, ṣé ó ṣì dára láàárọ̀?

ÌyáAdágún_Èríwé

Èyí tí kò tíì kan omi, dì í mọ́ inú ọ̀rá, lé atẹ́gùn jáde, gbé e síbi tó tutù tó sì ṣókùnkùn, o lè fi ṣe ti àárọ̀ kùtù. Kó má kọjá ìgbà yẹn. Lọ́la, po díẹ̀ sí i.